Orúkọ Ọmọ Nínú Ìwé Irọ́

Àáké ni ọkùnrin náà gbé wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé àáké sókè, gbàù! ó sọ ọ́ mọ́ tábìlì olóòtú, tábìlì là sí méjì bí obì. Àwọn ìwé fò káàkiri, ife kọfí fọ́, àfọ́kù rẹ̀ kan sì ta sí Radojka ní àgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán sára kóòtù funfun rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá ti gba ojú fèrèsé jáde. Radojka kò mira. Ọmọ alápatà ni. Ní abúlé tí wọ́n bí i sí lábẹ́ òkè, kí ó tó mọ bí a ti ń di kálámù mú ló ti mọ bí a ti ń di ẹlẹ́dẹ̀ mú kí ọ̀bẹ tó wọ̀ ọ́ lọ́fun. Nígbà tó kàwé dókítà tán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yan alààyè, òun yan òkú. Òun ni wọ́n ń gbé òkú lọ bá ní ilé ìwòsàn ìlú wa kí ó là á, kí ó sọ ohun tó pa á. Ó ṣe iṣẹ́ yẹn títí irun fi funfun lórí rẹ̀, kí wọ́n tó fi í ṣe olóòtú ìwé tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń kà. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ bá òkú gbé, ariwo alààyè kì í tètè bà á lẹ́rù.

"Ṣé o ti ṣe tán?" ó bi ọkùnrin náà. "Àbí ó ku àga?"

"Orí rẹ ló kù!"

Ọkùnrin náà ń mí bí akọ màlúù. Slavoljub ni wọ́n ń pè é, àgbẹ̀ tó ń gbin ata pupa nísàlẹ̀ odò Morava ni. Ó fa ìwé kan tó ti rún jọ yọ láyà, ó sọ ọ́ lu Radojka lójú.

"Ìwé yín nìyẹn, àbí ìwé yín kọ́? Ta ni obìnrin inú fọ́tò yẹn?"

Radojka tẹ́ ìwé náà. Fọ́tò ikùn ni. Kò lójú, kò lórí. Ikùn lásán, pẹ̀lú ojú abẹ tí wọ́n rán tó mọ́ tónítóní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpá iná àtijọ́ kan wà, ó fẹ̀ bí ewé ọ̀pọ̀tọ́.

"N kò mọ̀ ọ́n. A kì í kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé wa."

"Èmi mọ̀ ọ́n! Milunka ni. Ìyàwó mi ni. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lágbàlá bàbá rẹ̀, tí ìkòkò dà sí i níkùn. Láti alẹ́ ìgbéyàwó ni mo ti ń sùn ti àpá yẹn! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kó ka ìwé yìí ní kíláàsì, òun ló sunkún gbé e wá bá mi. Ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Kà á sókè kí n gbọ́!"

Radojka kà á. Ìwé náà ní ara aláìsàn yìí yá, ó sì padà sílé rẹ̀ ní àlàáfíà.

"Ilé wo?" Slavoljub fa àáké yọ lára pákó. "Itẹ́ òkú ló di ilé? Ọ̀sẹ̀ kan ò pé lẹ́yìn abẹ tí ìfun rẹ̀ já nínú, tí ìgbẹ́ dà sí i níkùn. Ó wú, ó dúdú, ó ké títí ohùn fi tán lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ọwọ́ yìí ni mo fi wẹ òkú rẹ̀! Ẹ wá jókòó síbí, ẹ ń mu kọfí, ẹ ní ara rẹ̀ yá!"

Ìgbà yìí ni ẹ̀rù tó ba Radojka. Àáké kọ́ ló dẹ́rù bà á. Àwọn orúkọ tó wà lókè ìwé náà ni.

Ìwé tí à ń sọ yìí kì í ṣe ìwé ìròyìn tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń di ẹja. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti ń kọ́ ibi tí ó yẹ kí wọ́n gé àti bí ó ṣe yẹ kí wọ́n rán an. Ohun tí ìwé bá sọ, ọ̀bẹ a tẹ̀lé e. Nítorí náà ni èèwọ̀ rẹ̀ fi pọ̀. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi orúkọ sí i. Ẹni méjì tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde. Wọn kì í ya fọ́tò ikùn aláìsàn láìtọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olóòtú bá sì jẹ́ ìbátan ẹni tó kọ ọ́, kí ó yáa gbé e fún ẹlòmíràn, kí ó fọwọ́ lẹ́rán.

Radojka mọ èèwọ̀ wọ̀nyí bí ó ti mọ ọ̀nà balùwẹ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá rí, ó fẹ́ kọ orúkọ ọkọ ọmọ rẹ̀ sí iṣẹ́ tí ọkọ ọmọ rẹ̀ kò fojú kàn. Radojka ní kò ní í ṣẹlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ àwo eérú sìgá lù ú. Radojka tẹ̀ sílẹ̀, ó mú àwo náà, ó sọ ọ́ padà, ó fi fọ́ eyín ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí i látòkèèrè.

Àfi igi kan ṣoṣo tí àáké tirẹ̀ kò lè gé. Kúmù rẹ̀ ni.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dúró tì ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó sì gbé ọmọ rẹ ka omi ìrìbọmi, òun ni kúmù rẹ; bí o bá jẹ́ obìnrin, kúmà ni òun náà yóò máa pè ọ́. Kò bá ọ tan, ṣùgbọ́n ó ju ẹ̀gbọ́n lọ. Ọlọ́run lókè, kúmù nílẹ̀. Ẹni bá dalẹ̀ kúmù, àwọn àgbà ní ọmọ rẹ̀ ni yóò san án. Kúmù Radojka ni Miodrag, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn. Òun ló gbé Ognjen, ọmọ kan ṣoṣo tí Radojka bí, ka omi, òun ló sì gé irun orí rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ kùsà wó pa ọkọ Radojka, Miodrag fi èjìká ara rẹ̀ gbé pósí, ó sì ra bàtà ilé ìwé fún ọmọ títí ọmọ fi di dókítà.

Ọjọ́ tí Ognjen gba ìwé ẹ̀rí, àwọn kúmù mìíràn a máa fún ọmọ ní aago ọwọ́. Miodrag ní aago ń bàjẹ́. Ó kọ orúkọ Ognjen sínú ìwé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ: pé bí ìfun bá já, dípò kí a rán an lẹ́ẹ̀mejì bí ti àtijọ́, kí a rán an lẹ́ẹ̀kan, kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ́, pé ogójì aláìsàn ló ṣe é fún, kò sẹ́ni tó kú. Gbogbo àsìkò iṣẹ́ náà, olú ìlú ni Ognjen wà, ó ń ṣe ìdánwò. Kò fi ojú kan ẹyọ ìfun kan níbẹ̀. Miodrag gbé ìwé náà àti ìgò ọtí rákíjà lọ sílé Radojka.

"Kúmà, ẹ̀bùn ọmọ wa nìyí. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ."

Radojka rí orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu rákíjà. Ẹnì kan ṣoṣo ló fún ìwé náà yẹ̀ wò, ẹni tí Miodrag fúnra rẹ̀ dárúkọ. Ìwé jáde, Ognjen fi í gba iṣẹ́ lábẹ́ kúmù rẹ̀. Oyin ni ní ẹnu gbogbo wọn.

Ìwé náà ni Slavoljub fi àáké mú padà wá.

Radojka nu ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ó bá Miodrag níbi tó ti ń fọ ọwọ́ kí ó tó wọlé lọ gé ènìyàn.

"Kúmù, kó ìwé gbogbo àwọn aláìsàn yẹn fún mi."

"O ti di ọlọ́pàá! Kúmà, àgbọ̀n rẹ ńkọ́? Ọ̀bọ ló ha ọ ni?"

"Milunka ńkọ́?"

"Milunka wo?"

"Èyí tí ikùn rẹ̀ wà nínú ìwé mi."

Miodrag pa ẹ̀rọ omi. Ó ní, "Ó kú. Ènìyàn a máa kú, kúmà. Ìwọ lo ń là wọ́n tẹ́lẹ̀, o yẹ kó o mọ̀."

"O kọ pé kò sẹ́ni tó kú."

"Ọjọ́ tí mo ya fọ́tò yẹn, kò tíì kú."

Radojka wò ó bí ẹni tó rí ejò nínú àpò ẹ̀wà. "Àwọn tó kù ńkọ́?"

Miodrag sún mọ́ ọn. Ó nawọ́ tó ṣì ń kán omi, ó di ọrùn ọwọ́ Radojka mú, ó tì í mọ́ ògiri, orí Radojka kan ògiri gbì.

"Gbọ́ o. Èmi ti dàgbà, mo ti jẹ, mo ti yó. Bí o bá fa ìwé yẹn padà, tí o kéde pé irọ́ ni, Ognjen ló máa kọ́kọ́ wó. Wọ́n á ní ó fi irọ́ gbaṣẹ́. Wọ́n á lé e bí ajá, kò sí ilé ìwòsàn tó máa gbà á mọ́. Ṣé eyín ara rẹ lo fẹ́ fi jẹ ọmọ rẹ?"

"Tú mi sílẹ̀."

"Mo gbé ọmọ yẹn ka omi níwájú Ọlọ́run!"

"Tú mi sílẹ̀, kúmù, kí n tó gé ọ jẹ."

Ó tú u sílẹ̀. Ojú ìka rẹ̀ wà lára ọwọ́ Radojka, ó pọ́n, lẹ́yìn náà ó dúdú.

Ká sòótọ́, Radojka kò lọ tààrà láti ibẹ̀ lọ fa ìwé náà. Ó ní òfin sọ pé kí a fún ẹni tó kọ ìwé láyè kó wí tẹnu rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ó kọ̀wé sí Miodrag, ó kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kò kọ sí Ognjen, bẹ́ẹ̀ Ognjen náà ní orúkọ níbẹ̀. Bí ọmọ náà bá wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi, Radojka a bu ọbẹ̀ fún un, a wo ọwọ́ rẹ̀, a gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ìyá ni.

Ilé ìwòsàn fèsì pé omi ti wọ yàrá ìsàlẹ̀, gbogbo ìwé àwọn aláìsàn náà ti jẹrà. Radojka rẹ́rìn-ín ìkà. Ó lọ sí ilé òkú tó ti ṣiṣẹ́ rí, ó bá àwọn tó kọ́ níṣẹ́ níbẹ̀.

"Àwọn tí ìfun wọn já lẹ́yìn abẹ Miodrag, ṣé wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ yín?"

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù ní, "Ọ̀gá, wọ́n ń dé bí ìdì ewéko. A rò pé ẹ mọ̀ ni. Ṣebí ọmọ yín wà nínú ìwé náà."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju àfọ́kù ife lọ.

Miodrag ní àbúrò kan, Ratko, ẹni tó ń fi ọkọ̀ ńlá wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́, tó sì ń wọ́ ènìyàn náà bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ Slavoljub kúrò láàárín ata rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n fi irin ṣẹ́ ẹ níhà, wọ́n fi bàtà fọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n kó ata tútù sí i lẹ́nu tó ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí ó jẹ kó lè dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, iná sọ nínú ọkọ̀ Radojka níwájú ọ́fíìsì. Nígbà tó sáré jáde, Ratko ló bá lódìkejì títì, ó ń fi ọ̀bẹ àpò rẹ̀ bó èso ápù.

"Dókítà, ẹ kú ọ̀sán o. Ọkọ̀ yín ń gbóná."

"Iṣẹ́ rẹ ni, Ratko?"

"Èmi kẹ̀? Oòrùn ni." Ó sọ èèpo ápù sínú iná. "Oòrùn ọdún yìí burú. Ó lè dé orí òrùlé ènìyàn."

Radojka sáré sí i, ó gbá a létí, ápù bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ratko fi orí kàn án nímú. Báyìí ni olóòtú ṣe padà sọ́fíìsì pẹ̀lú imú tó wú bí ọ̀dùnkún, táyà ọkọ̀ rẹ̀ sì ń bẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbòlà, gbòlà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ẹni mímọ́ ilé wọn ṣe dé. Slava là ń pè é. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni mímọ́ tirẹ̀, àtọ̀dọ̀ baba ńlá sì ni. A kì í pe ẹnikẹ́ni sí slava, a kì í sì í lé ẹnikẹ́ni. Ọ̀tá ẹni bá wọlé, a ó fún un ní àlìkámà sísè, yóò ṣe àmì àgbélébùú, yóò jẹ ẹ́. Kúmù ní tirẹ̀, bó ń ṣàìsàn, a ó gbé e wá ni. Nítorí náà Miodrag wá. Ó mú Ratko lẹ́yìn. Radojka pẹ̀lú imú rẹ̀ tó ṣì wú fún wọn ní àlìkámà, wọ́n jẹ ẹ́. Ognjen tan àbẹ́là. Òun àti kúmù rẹ̀ di búrẹ́dì ilé mú, wọ́n yí i po, wọ́n da wáìnì sí i, wọ́n bù ú sí méjì, wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyá ń wò wọ́n, ẹran tó fi ewé kábéèjì dì ń jóná lórí iná, kò mọ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Slavoljub ni. Wọ́n fi aṣọ di ìhà rẹ̀, ètè rẹ̀ ṣì là.

"Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè wọlé lónìí."

Ratko fẹ́ dìde. Miodrag tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga.

Radojka gbé àwo lọ bá àlejò. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ bu àlìkámà."

Slavoljub bu ṣíbí kan. Ó ṣe àmì àgbélébùú. "Fún Milunka," ló wí.

Ognjen fi sùúrù bi í. "Ta ni Milunka, bàbá?"

Ọkùnrin náà wò ó. "Ìwọ ni Ognjen? O ò mọ̀ ọ́n? Orúkọ rẹ wà lórí ikùn rẹ̀."

Slavoljub sọ ọ́ níbẹ̀, láìpariwo: fọ́tò, àpá iná, ìfun tó já, òkú tó wẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú Ognjen ń funfun.

"Kúmù," ó ní, "ẹ ní kò sẹ́ni tó kú."

"Jókòó, ọmọ mi. Ọjọ́ ẹni mímọ́ ni."

"Ṣé obìnrin yìí kú?"

"Mo ní kí o jókòó!"

"Mo fi ọ̀nà yẹn rán bàbá arúgbó kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́! Ẹ ní ọwọ́ mi ni kò mọ iṣẹ́, ẹ gbá mi létí níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Mo ń lọ sí ibojì rẹ̀ láti tọrọ ìdáríjì. Ẹ mọ̀! Ìwọ mọ̀!"

Ó fò kọjá orí tábìlì. Ó fi àwo àlìkámà gbá kúmù rẹ̀ lórí, ó di í lọ́rùn, àwọn méjèèjì ṣubú lu ilẹ̀ pẹ̀lú àga. Ó ń lù ú lójú, ó ń lù ú lẹ́nu, ó ń sunkún. Slavoljub gbé àga kejì, ó fọ́ ọ mọ́ Ratko léjìká. Ratko yí bìrí. Ọ̀bẹ tó fi ń bó ápù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ẹni tó gún. Ọ̀bẹ wọ ikùn Ognjen, ó sì fà á sísàlẹ̀.

Radojka kò ké. Ó bọ́ sí ẹ̀yìn Ratko, ó ki ìka bọ̀ ọ́ nímú bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe ẹlẹ́dẹ̀, ó fa orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi eékún gún un lọ́rùn, ó gbé e mọ́lẹ̀, ọ̀bẹ bọ́. Slavoljub jókòó lé e lórí. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ìdí àbẹ́là.

Miodrag dìde, ojú rẹ̀ ti bẹ́. Ó rí ọmọ tó gbé ka omi. Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ọgbẹ́ náà.

"Ẹ dákẹ́ gbogbo yín! Aṣọ! Ẹ fún mi láṣọ! Ẹ pe ọkọ̀! Ognjen, wò mí. Wo kúmù rẹ. Bú mi, ọmọ, máa bú mi, má sùn!"

Ní ilé ìwòsàn, Miodrag kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ọmọ náà. Radojka wọ aṣọ abẹ, ó dúró níbi orí ọmọ rẹ̀. Dókítà ni, kò sẹ́ni tó lè lé e. Wọ́n la ikùn. Ìfun já lójú méjì. Ọ̀dọ́mọdé dókítà tó ń ràn án lọ́wọ́ na gọ́ọ̀mù sí ọ̀gá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́ ọ nínú ìwé.

"Gbé e kúrò níwájú mi," Miodrag wí. "Fún mi ní okùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa rán an."

Radojka gbọ́ ọ. Ó ń ka bí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé tó ń jáde, ìlà kìíní, ìlà kejì lórí rẹ̀, ọ̀nà àtijọ́, bí a ti ń rán ìfun kí irọ́ tó dé.

Nígbà tó parí, Miodrag bọ́ síta, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbẹ mọ́ ọn lápá.

"Yóò yè," ó ní. "Mo fún ọ lọ́mọ rẹ padà, kúmà. Ó wá kù sí ọ lọ́wọ́."

Radojka tẹ̀ ba, ó fẹnu ko ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ náà. Ẹnu rẹ̀ pọ́n.

"Ọlọ́run á san án fún ọ. Lọ́nà wo lo fi rán an?"

Miodrag yíjú sí ògiri.

"Mo wà níbẹ̀, kúmù. Mo gbọ́ ọ. Èyí tó dáa, ọmọ tìrẹ lo ṣe é fún. Èyí tó ń pani lo kọ fún ọmọ ẹlòmíràn."

"Má ṣe é, Radojka. Mo bẹ̀ ọ́. Kúmù rẹ ni mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Kúmù mi ni ọ́."

Nígbà tí Ognjen lè sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ó ku ẹnì kan tó kọ ìwé náà tí òun kò tíì bi léèrè.

"Màámi, ẹ fà á."

"Wọ́n á lé ọ níṣẹ́."

"Ṣé mo ṣe iṣẹ́ náà ni? Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé n kò sí níbẹ̀, pé mo mọ̀ pé n kò sí níbẹ̀, mo sì gbà á." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikùn kò jẹ́. "Aago ọwọ́ ì bá dáa."

"Ognjen, ọmọ mi, ebi á pa ọ́."

"Bàbá arúgbó yẹn ti kú, Màámi. Ẹ lọ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ojú ìwé kan péré ni. Ó ní ìwé náà kì í ṣe òótọ́, kí dókítà kankan má ṣe tẹ̀lé e mọ́. Pé àwọn aláìsàn kú, wọ́n sì kọ pé wọ́n yè. Pé orúkọ Ognjen nínú rẹ̀, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe iṣẹ́. Pé kúmù olóòtú ló kọ ìwé náà, olóòtú kò sì yẹ kó fọwọ́ kàn án, ó mọ̀, ó ṣe é. Nítorí náà olóòtú náà ń lọ. Fọ́tò ikùn, ó yọ ọ́ pátápátá, nítorí pé kò sẹ́ni tó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Milunka. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀.

Ọlọ́pàá mú Ratko. Ilé ìwòsàn lé Ognjen kí wọ́n tó yọ okùn lára ọgbẹ́ rẹ̀. Miodrag kò jáde nílé mọ́. Àwọn tó ti wò sàn rí ló ń bá a gbẹ̀san: wọ́n sọ òkúta wọ fèrèsé Radojka, ọ̀kan bà á nígbáàyà, wọ́n pa àwọn adìyẹ rẹ̀, wọ́n fi orí wọn há ẹnu ọ̀nà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà kan tutọ́ sí i lójú. "Ó ta kúmù rẹ̀," ó ní, "ẹ sún fún un." Wọ́n sì sún.

Ọjọ́ tó lọ kó ẹrù rẹ̀ ní ọ́fíìsì ni fóònù dún. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ni, láti apá òkè odò. Kò kí i.

"Ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ rírùn yìí? Àjẹ́! Láti ìgbà tí ìwé yẹn ti jáde ni mo ti ń fi gọ́ọ̀mù rán ènìyàn! Kí ni kí n sọ fún àwọn ará ilé wọn? Iná ni ó yẹ kí wọ́n sọ sí ọ lára!"

"Mélòó ló kú lọ́wọ́ rẹ?"

Radojka ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń gbọ́ irin tó ń kan irin lẹ́yìn rẹ̀.

"Obìnrin kan wà lórí tábìlì níbí," ó ní níkẹyìn. "Wọ́n ti fún un ní oògùn oorun. A ti là á."

"Rán an lẹ́ẹ̀mejì."

"Ọlọ́run á dá ọ lẹ́jọ́, ìwọ obìnrin yìí."

"Yóò dá mi. Rán an lẹ́ẹ̀mejì, dókítà. Jọ̀ọ́."

Ó pa fóònù mọ́ ọn létí. Radojka kò kó ẹrù mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín páálí, ó gbé fóònù lé itan, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò. Ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀ kí ó tó tún dún.

"Mo rán an lẹ́ẹ̀mejì," ọkùnrin náà wí. Ó tún bú u, ó bú ìyá tó bí i, ó sì pa fóònù.